Ẹni Tó Fi Àyè Rẹ̀ Sílẹ̀ Lórí Ìlà

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin tí ìtàn ìfẹ́ máa ń dùn mọ́. Etí kan ni kí ẹ fi gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìkejì gbọ́ orin, nítorí èmi Pasing kì í ro ìkòkò kí n má kọrin. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ìyá mi ní kí n wá máa dáná. Iná náà ni mo ṣì ń dá títí dòní ní ibùdókọ̀ San Jose, ìlú wa, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Maníla kí àkùkọ tó kọ. Ìrẹsì olómi tí mo fi ata ilẹ̀ sè ni mo ń tà fún wọn, gbígbóná janjan, nítorí ẹsẹ̀ wọn nìkan ló máa ń jí kúrò nílé, ojú wọn ṣì ń sùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Eloisa àti Ramil ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe alárinà wọn. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé wà nínú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ìlà wa. Kò sí ẹni tó lè gba àyè de ẹlòmíràn. O kò lè gbé àpò rẹ kalẹ̀ kó máa dúró dè ọ́, o kò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wù ọ́, o lè fi àyè tìrẹ gan-an fún ẹlòmíràn, kí ìwọ wá padà sí ìdí ìlà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò dé Maníla kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀nà á ti dí, á há sínú ọkọ̀ bí ẹja inú agolo, á máa wo ìpàkọ́ ẹni iwájú rẹ̀ títí oòrùn á fi gun orí. Owó ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì san. Ṣùgbọ́n ọ̀kan san ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ́ ọn.

Eloisa jẹ́ ọmọ Gorio káfíńtà àti Belen aránṣọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Ilé ìtajà òògùn kan ní Maníla ló ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Bó bá pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ á gé e nínú owó oṣù, owó oṣù náà ló sì ń ra ìrẹsì ilé wọn láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun Gorio.

Ní òwúrọ̀ òjò kan, ọmọ náà sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti já sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ku ẹnìkan kó kún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramil ló sì kàn. Inú àwọn ilé gogoro Maníla ni Ramil ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ọmọ tó ga fíofío, tí apá aṣọ kì í tó. Ó wo ẹsẹ̀ òsì yẹn, ó wo òjò, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ wọlé, àǹtí.”

“Ta ni àǹtí ẹ?” Eloisa ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Mo jọ àǹtí lójú ẹ?”

“Ẹlẹ́sẹ̀ kan, wọlé jàre. Òjò ń pa wá.”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wọlé, Ramil sì padà sí ìdí ìlà tó ti gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he. Èmi bu ìrẹsì olómi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti mọ̀. Obìnrin tó ti sin ọkọ méjì mọ ojú ẹni tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jẹ.

Òjò pa ọmọ, òjò ò pa ìfẹ́,
Bàtà já, ọ̀nà ò já,
Ẹni tí yóò rí ẹni, kò ní ṣàì rí i.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìlà. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ọwọ́ wọn ń dilẹ̀, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi kan ni Ramil wá kí àwọn òbí ọmọ náà.

Gorio jẹ́ èèyàn àtijọ́. Ní ayé tiwa, ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sin àna. Gorio fúnra rẹ̀ pọnmi fún bàbá Belen fọ́dún mẹ́ta, ó la igi ìdáná, ó tún òrùlé ṣe, kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ìtàn yìí ló gbé kalẹ̀ fún Ramil ní pálọ̀, láti orí igi àkọ́kọ́ tó là. Kó tó dé ọdún kejì, orí Ramil ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń hanrun bí ọ̀pọ̀lọ́ inú kànga. Belen fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bọ́. Eloisa já a ní èékánná. Ọmọkùnrin náà ta gìrì, ó ní “Mo ń gbọ́, sà.”

Gorio wò ó pẹ́. “Ìgbà wo lo máa ráyè pọnmi fún mi?”

Ramil wo inú ilé káàkiri, oorun ò tíì kúrò lójú rẹ̀. “Bàbá, ẹ ní ẹ̀rọ omi.”

“Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀rọ omi. Ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí Ramil lọ tán, Gorio sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lẹ́yìn tí adìẹ ti sùn, ó ti níyàwó. Ọ̀nà Maníla ni ìyáálé, Eloisa á wá di ìyàwó kékeré. Ó ní irú ẹ̀ kò sí nínú ìdílé àwọn.

Lọ́jọ́ kejì Ramil wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò lè jẹun. Ó ní òun ò kọ̀ láti sìn, ṣùgbọ́n òun ò ní ọ̀sán, òun ò ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ti gba gbogbo rẹ̀. Ó wo àwọn tó tò lọ rẹrẹ lábẹ́ iná ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là.

“Ìyá, mo ní àyè lórí ìlà. Òun nìkan ni mo ní. Òun ni màá fi sìn.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni Ramil ń dé kí n tó fọnná, á dúró síwájú. Bí Eloisa bá dé, á bọ́ síta, ọmọ náà á wọlé, òun á gba ìdí ìlà lọ. Eloisa kọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ramil ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti bàbá rẹ̀, òun ń pọnmi ni. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á. Ìfẹ́ wọn kò gùn ju ìyẹn lọ nígbà náà: ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé, ìka ń kan ìka lára abọ́ ìrẹsì gbígbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo ti rí àwọn tí wọ́n jọ sùn fún ogún ọdún tí ìka wọn ò kan ara wọn báyẹn.

Ṣùgbọ́n oorun dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Eloisa ń dé nígbà tí ìkòkò mi bá ń hó. Nígbà tó yá, ìkòkò á ti dé ìdajì kí a tó rí i. Ó mọ̀ pé àyè ń bẹ. Ẹni tó mọ̀ pé àyè ń bẹ kì í sáré. Bó ṣe ń pẹ́ tó ni ìlà tí Ramil ń padà sí ìdí rẹ̀ ń gùn sí i. Eloisa sọ fún mi lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn pé ojoojúmọ́ ni òun ń pinnu láti bi Ramil bó ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ tó bá pẹ́ dé, ojoojúmọ́ náà ni òun ń gbé orí lé fèrèsé ọkọ̀ tí oorun á gbé òun lọ.

“Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè, Ìyá. Ìdáhùn ni mò ń sá fún tí mo fi ń sùn.”

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àjọ̀dún Àjíǹde kọjá. Ní òwúrọ̀ kan, ọkọ̀ tí Eloisa wọ̀ kú sójú ọ̀nà, kò tíì jìnnà. Ó fẹsẹ̀ rìn padà wá wọ òmíràn. Nígbà tó dé, oòrùn ti là, ìlà ti tán, ibùdókọ̀ dá páropáro, ẹyẹ ológoṣẹ́ ń ṣa ìrẹsì nílẹ̀. Ó wá rí Ramil lẹ́yìn ìkòkò mi, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń fọ abọ́.

“O ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí?”

Ramil wò mí. Èmi wo ìkòkò.

“Iṣẹ́ ti parí,” ló wí.

“Iṣẹ́ òní?”

“Iṣẹ́.”

Díẹ̀díẹ̀ ló jẹ́wọ́, ojú rẹ̀ wà lára abọ́ kan tó ti mọ́ tipẹ́. Pípẹ́ ló fà á. Wọ́n kọ́kọ́ gé e nínú owó, wọ́n kìlọ̀ fún un, nígbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sì parí kí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ò fi òmíràn fún un. Eloisa ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá nínú orí, mo rí ètè rẹ̀ tó ń kà á. Ó bi í pé kí ló wá ń ṣe lórí ìlà láti ìgbà náà, nígbà tí kò ní ibi tó ń lọ.

“Àyè rẹ ńkọ́?” Ramil ní. “Ta ni ì bá dúró síbẹ̀?”

Ọmọ náà jókòó wọ̀ọ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Kò sunkún. 

“Oorun ni mo rò pé mò ń sùn. Iṣẹ́ rẹ ni mò ń jẹ.”

“Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, Eloisa.”

“Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn. Ká ní mo fipá mú ẹ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé mò ń ṣe é.”

Láti ọjọ́ náà, a ò rí Eloisa lórí ìlà mọ́. Ó gba ibùsùn kan sí Maníla, nínú yàrá tí àwọn obìnrin ti ń sùn lórí ara wọn bí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdajì owó oṣù rẹ̀ ni ibùsùn náà ń gbé mì. Ìrẹsì ilé wọn dín kù, Gorio sì ń wo àga òfo nídìí tábìlì, ó ń bi Belen pé kí ló lé ọmọ jáde. Belen ò mọ̀. Ẹ̀bi ló lé e jáde. Kò lè dúró sí àyè yẹn mọ́, kò sì lè fi ojú kan ẹni tó ń fún un.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ibùsùn rẹ̀ kò jìnnà sí iṣẹ́, ó lè sùn títí oòrùn á fi yọ. Ṣùgbọ́n bí àsìkò ìlà bá ti tó, ojú rẹ̀ á là kedere, á máa wo pákó ibùsùn tó wà lókè rẹ̀, á máa ro bí Ramil ṣe dúró nínú òtútù.

Mo rí ibùsùn, n ò rí oorun,
Oorun ń bẹ lọ́nà San Jose,
Ó tò sórí ìlà, ó ń dúró dè mí.

Orin tí mo ń kọ fún un nìyẹn nídìí ìkòkò mi, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lè gbé e dé Maníla.

Ramil kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà San Jose, ó ń tún fìríìjì ṣe. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi owó ọkọ̀ ṣòfò mọ́, ó sì ń rí ìwọ̀ oòrùn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ohun tí kò rí rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Nígbà tí òjò ọdún bẹ̀rẹ̀, ó wá bá mi. Ó ní àwọn òbí òun fẹ́ wá gun àtẹ̀gùn Gorio. Bí a ṣe ń tọrọ ọmọ níbí nìyẹn: ìyá àti bàbá ọkọ á se oúnjẹ láti ilé wọn, wọ́n á gbé e gun àtẹ̀gùn ilé ìyàwó, wọ́n á sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n lọ gbọ́ tẹnu Eloisa.

Èmi tí mo ń bọ́ àwọn arìnrìn-àjò láràárọ̀, n kò wọ ọkọ̀ náà láti ìgbà tí ọkọ mi kejì ti kú. Orúnkún mi ta ko àyà mi, àpò ẹnìkan wà lórí ẹsẹ̀ mi, a dúró, a rìn díẹ̀, a tún dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ orin, orin tán, a ò tíì kúrò lábẹ́ afárá kan náà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti mọ ohun tí Ramil ń fi sílẹ̀ láràárọ̀, tó ń pè ní pípọnmi.

Mo bá Eloisa lẹ́yìn ilé ìtajà òògùn, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti rù. Mo jíṣẹ́ tán, ó fa ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá, bí mo bá fẹ́ ẹ, ẹ̀bi ni màá máa rí lójú ẹ̀ láràárọ̀. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló ń mú mi dúró tì í, àbí mò ń san gbèsè inú?”

Mo na àkàrà ìrẹsì tí mo gbé wá nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Mo ní kó wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi tí àwọn òbí Ramil ń bọ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ̀ ló fẹ́ kọ̀, nítorí a kì í rán ẹlòmíràn ní irú ẹ̀.

Ó wálé. Belen ló sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìsinmi náà. Eloisa jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀: àyè, òjò, oorun, iṣẹ́ tó bọ́. Gorio gbé ṣíbí sílẹ̀. Belen ló sọ̀rọ̀.

“Ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ fi ń pọnmi nílé wa, oko ìrẹsì tó yẹ kó jogún di ti àbúrò rẹ̀, nítorí kò sí nílé láti ro ó. Mo mọ̀ nígbà náà. Mo sì jẹ́ kó máa pọn ọ́n. Inú mi ń dùn pé wọ́n ń pọnmi torí mi.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ oko?” Gorio ní.

“Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìdí tí mi ò ṣe gbàgbé nìyẹn.”

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ síta, wọ́n gbọ́ tó ń kan ìṣó mọ́ àtẹ̀gùn tó ti ń mì láti ọdún tó kọjá. Kò sọ ìdí tó fi ń tún un ṣe.

Lọ́jọ́ ìsinmi náà, àwọn òbí Ramil dé. Wọ́n gbé pansit tí wọ́n fi núdù dín dé, adìẹ tí wọ́n fi ọtí kíkan sè, àti àkàrà ìrẹsì tó ga bí fìlà bíṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ṣáájú wọn gun àtẹ̀gùn, mo ń fi orin tọrọ ọ̀nà. Bàbá Ramil sọ ohun tó gbé wọn wá. Gorio ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò sí lẹ́nu òun, ẹnu ọmọ òun ló wà. Gbogbo wa wo Eloisa. Eloisa wo ilẹ̀. Ramil ń fi ọwọ́ nu ọwọ́. Ẹ̀rọ omi Gorio ń kán tó, tó, tó.

Mo ní a kì í dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn pẹ̀lú ikùn òfo, ẹ jẹ́ kí á jẹun ná.

Tábìlì wọn kéré, nítorí náà a gbé abọ́, a tò. Ìyá Ramil ní ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ wá ni yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ, ó fa Eloisa sí iwájú. Àwọn àlejò tẹ̀lé e. Gorio tó nilé dúró sẹ́yìn bí ó ti yẹ onílé. Ramil sì dúró sẹ́yìn Gorio, ní ìdí pátápátá, bó ṣe mọ́ ọn lára.

Eloisa di ṣíbí ìbuúnjẹ mú. Ó wo oúnjẹ, ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ìlà náà títí dé ìdí. Mo rí ìgbà tó rí Ramil níbẹ̀. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó kúrò níwájú, ó kọjá lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró síwájú Ramil.

“Lọ síwájú,” ló wí.

“Eloisa, àwọn àgbà ń bẹ níbẹ̀.”

“O mọ òfin. Mo ti fún ọ. Lọ.”

Ọmọkùnrin náà lọ. Ó ga, kò síbi tó lè fi ojú pamọ́ sí, gbogbo wa la rí omi tó wà níbẹ̀. Eloisa gba ìdí ìlà, lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Gorio kò yíjú padà.

“Ìdáhùn rẹ nìyẹn?”

“Òun ni, bàbá.”

“Ebi ò pa ọ́?”

“Ó ń pa mí.”

“Wàá dúró pẹ́ o.”

“Màá dúró.”

Gorio wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ó pe bàbá Ramil láti ìdí ìlà, ó ní kí wọ́n mú ọjọ́.

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ramil gbé garawa omi méjì gun àtẹ̀gùn Gorio láti kànga aládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ omi ṣì ń bẹ. Gorio fi ọ̀kan wẹ̀. Ó fi ìkejì pamọ́, n ò mọ ohun tó fi ṣe.

Eloisa ṣì ń lọ sí Maníla, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ló ń sùn, ó sì ń tètè dé, kí n tó fọnná. Ramil á sìn ín wá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í wọ inú ìlà. Ẹ̀bi náà kò lọ tán, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń rí i lójú Eloisa bó ṣe ń wo ẹ̀yìn ìlà. Á wá fi apá aṣọ rẹ̀ nu òjò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló tutù jù. Èmi á bu abọ́ kan fún àwọn méjèèjì, màá sì fi orin lé wọn lọ:

Fún mi láyè kí n fún ọ láyè,
Bó pẹ́, bó yá, ọkọ̀ á kàn wá,
Ẹni tó dúró sẹ́yìn ẹni, kò pàdánù àyè.